Gbogbo ènìyàn inú ìtàn mi ń sọ̀rọ̀ bákan náà: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kọ ìtàn àròsọ kan, ó sì ti di ojú ewé 120. Mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi kà. Ó ní ìtàn náà dùn, àmọ́ bákan náà ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀. Bí òun bá fọwọ́ bo orúkọ, òun ò lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo wá fi òwe kún un kó lè dùn sí i, ó ní ṣe ló tún burú sí i. Báwo ni mo ṣe lè tún un ṣe láì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀? Òǹkàwé kan, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín ṣe yín lóore ńlá. Èmi náà, bí wọ́n bá gbé ìwé àfọwọ́kọ wá fún mi láti tún ṣe, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí n fọwọ́ bo orúkọ.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó ní irú àìsàn yìí, òǹkọ̀wé ti ronú dáadáa nípa ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ìwà rẹ̀. Ó wá gbàgbé ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú èdè tiwa, ẹni tó wà níwájú wa ló ń yan ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu. Òun ló ń pinnu bóyá "o" la máa wí tàbí "ẹ", bóyá orúkọ la máa pè é tàbí "Ìyá Wálé", bóyá a máa kí i dáadáa ká tó dé orí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ilé ṣe àpẹẹrẹ. Onílé kan tó ń jẹ́ Àlàní jí kan ilẹ̀kùn ayálégbé mẹ́ta láàárọ̀ Sátidé. Oṣù méjì méjì ni wọ́n jẹ ẹ́. Nínú ìwé tí wọ́n ń gbé wá fún mi, ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa wí: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, n óò san owó ilé yín ní ìparí oṣù yìí." Ẹ wá gbọ́ wọn báyìí.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì: "Ẹ ṣàánú mi, Dádì. Ọ̀gá wa ni ò tíì fún wa lówó. Ẹ bá n fi di ọ̀la. Ọ̀la péré, Dádì."

Bàbá arúgbó tó ju onílé lọ: "Torí oṣù méjì lo ṣe fẹ́ wó ilẹ̀kùn lé mi lórí, Àlàní? Wọlé, jókòó."

Ìyá ọlọ́mọ: "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Sùkúrá. Sùkúrá ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti ń fi í sílẹ̀? Ẹ dúró, mo ní àgbo kan tí mo fẹ́ bù fún un."

Ìyá yìí ò dárúkọ owó rárá, onílé sì ti mọ̀ pé òun ò ní í rí gbà lónìí. Ẹ fọwọ́ bo orúkọ wọn wàyí.

Ibi tó tún dùn jù fún mi ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí. Mo gba ìwé kan rí tí obìnrin inú rẹ̀ ń fi "ẹ" bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ojú ewé kìíní. Nígbà tí àṣírí ọkọ náà tú sí i lọ́wọ́, òǹkọ̀wé fi odindi ìpínrọ̀ méjì sọ bí inú ṣe ń bí i, bí ètè rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Mo ní kó yọ méjèèjì, kí obìnrin náà kàn wí pé, "Ìwọ? Ìwọ lo ṣe èyí?" Ẹni tó bá ka "ìwọ" yẹn ti mọ̀ pé ilé ti tú. (Bó bá jẹ́ ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni wọ́n ń sọ nínú ìtàn yín, ẹ ṣọ́ra: níbẹ̀, ọmọ lè wí "ìwọ" fún bàbá rẹ̀, kó má sì jẹ́ àfojúdi.)

Ní ti òwe, mo mọ ibi tó ti wá. Fágúnwà la fi ń kọ́ ìwé kíkọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde lọ́dún 1938, Àkàrà-Ògùn ló jókòó tó ń rọ́ ìtàn, tí ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí èrò sì ń pé lé e lórí láti gbọ́. Ọ̀rọ̀ gígùn olówe yẹ ẹni tó wà níwájú èrò. Bẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́nu kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tó ń wá ṣéńjì, kò ní í bá a mu.

Òwe ní ẹni tó ni ín. Ọmọdé tó bá pa á níwájú àgbà á ní "tótó, ó ṣe bí òwe o", àgbà á sì ní yóò rí òmíràn pa. Bí ọmọdé inú ìtàn yín bá pa òwe tí kò tọrọ gáfárà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wò ó bákan. Àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ ńkọ́? Wọn kì í parí òwe fún ara wọn. Ọ̀kan á ní, "Ilé ọba tó jó..." Èkejì á ti máa rẹ́rìn-ín. Ẹ gé òwe yín sí ààbọ̀ báyìí níbi tó bá ti yẹ, ẹ ó rí i pé òǹkàwé náà á bá wọn parí rẹ̀.

Nǹkan kékeré kan tún wà tó ń mú kí ohùn wọn jọra: a máa ń jẹ́ kí gbogbo wọn sọ Yorùbá ilé ìwé. Àkọtọ́ 1974 kọ́ wa bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kò ní kí awakọ̀ máa wí "n kò ní í lọ" nígbà tí "mi ò ní lọ" wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi "n kò" sílẹ̀ fún tíṣà àti àlúfáà. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ fi àmì sí i. Bẹ́ ẹ bá kọ "o ri i" láìlámì, ta ló rí i? Ṣé ìwọ ni àbí òun?

Ẹ má tún ojú ewé 120 kọ. Ẹ mú bébà kan, ẹ kọ orúkọ ẹni mẹ́fà tó ń sọ̀rọ̀ jù sí i, kí ẹ wá kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pe àwọn márùn-ún yòókù. Ìyàwó ilé ò ní í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ṣé Adúmáradán ló ń pè é ni, àbí Ìbàdíàrán? Ọkọ ńkọ́, Bàbá Táyọ̀ ni àbí Dádì? Ó lè gbà yín ní ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi bébà yẹn tún ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣe ní orí kìíní nìkan, kí ẹ kà á sókè fún ara yín, kí ẹ sì tún gbé e padà fún ọ̀rẹ́ yín, pẹ̀lú gbogbo orúkọ tí ẹ ti fi bírò pa rẹ́.