Kí la máa dì ká tó gun òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Tíṣà ni mí, Òṣogbo níbí ni mo ń gbé. Nínú oṣù Kejìlá, èmi àtàwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa, àwa mẹ́rìnlá, fẹ́ lọ gun òkè ìtàkìtì omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ká sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ọ̀kan nínú wọn rí ìwé ẹrù táwọn òyìnbó máa ń gbé gun òkè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ata tí wọ́n ń fín sí béárì lójú wà níbẹ̀, ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó yìnyín wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Owó rẹ̀ ju agbára wa lọ. Èwo la nílò gan-an? Ṣé ká ra òkúta dúdú tí wọ́n fi ń fa oró ejò?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ètò o, Tíṣà. Ẹ pa ti béárì àti yìnyín tì. Ẹni tó kọ ìwé yẹn mọ ohun tó ń ṣe èèyàn lórí òkè tiwọn. Lórí òkè tiwa, òùngbẹ ni, ẹsẹ̀ tó yọ̀ lórí àpáta tútù ni, ilẹ̀ tó ṣú mọ́ni lọ́nà ni, àti òtútù òru ọyẹ́ lára ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti rin gbindin. Ohun tẹ́ ẹ máa fi kojú mẹ́rin wọ̀nyí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì. Ejò wà lóòótọ́, màá débẹ̀.

Omi ló wúwo jù nínú ẹrù, ìdí nìyẹn táwọn ọ̀dọ́ fi máa ń dọ́gbọ́n fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Lítà kan, kìlógíráàmù kan. Fún ọ̀sán kan àti òru kan, ẹ má gbé ohun tó dín sí lítà mẹ́ta fún ẹnì kan, ìyẹn pure water mẹ́fà. Ogún ló wà nínú àpò kan, lítà mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá ra àpò márùn-ún, á kárí ẹ̀yin mẹ́rìnlá, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù tẹ́ ẹ máa fi dáná. Ẹ má kó o sí báàgì bó ṣe wà nínú ọ̀rá o. Tí ẹyọ kan bá bẹ́ péré, aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ fi sùn ti lọ nìyẹn. Ẹ dà á sínú ike tó ní ìdérí.

Omi Olúmirin mọ́ lójú, àmọ́ ẹ má mu ún bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ń wẹ̀ níbẹ̀, ẹ ò sì mọ ohun tó kú sápá òkè. Tó bá di dandan, ẹ sè é, kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó sọ̀ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ lo WaterGuard, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike rẹ̀. Álọ́ọ̀mù kì í pa kòkòrò àrùn, ìdọ̀tí nìkan ló ń mú rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ ra ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tí omi ara rẹ̀ ń gbẹ, dání lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, kẹ́ ẹ sì ka ara ọ̀rá rẹ̀: èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ ti lítà kan, ìyẹn pure water méjì géérégé. Àwọn kan máa ń da gbogbo rẹ̀ sínú ẹyọ kan. Iyọ̀ á ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ nìyẹn, kò sì dáa fún ẹni tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ.

Ohun kan tún wà tí n kò retí pé ìwé òyìnbó máa rán yín létí: ẹ béèrè jẹ́nótáípù gbogbo wọn. Àìmu omi tó àti òtútù wà lára ohun tó máa ń dá ìrora sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ SS. Mi ò ní kó má bá yín lọ, àmọ́ kó má sùn sórí òkè, kó má sì wọ omi tútù yẹn. Kí ẹni tó ní ikọ́ fée mú ínhélà rẹ̀ dání, nínú àpò ṣòkòtò tirẹ̀ gan-an.

Ní ti ẹsẹ̀, sílípáàsì kọ́ o, bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ kò sì sàn jù ú lọ. Ẹ lọ wo àwọn olókìríkà ní ọjà Ìgbóná, ẹ yí bàtà náà sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó ná an: ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní eyín. Báńdéèjì tó wà nínú àpótí oògùn tí wọ́n ń tà kì í pẹ́ tán. Ọ̀já tí ìyá fi ń pọnmọ gan-an ni mo fẹ́ràn, méjì tàbí mẹ́ta. Tí ọrùn ẹsẹ̀ ẹnì kan bá rọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ látibi tí ọmọ ìka parí sí, ẹ yí i gba àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ fà á gorí ẹsẹ̀ lọ sẹ́yìn gìgísẹ̀, ẹ dá a padà kọjá síwájú, kó máa gba orí ara rẹ̀ kọjá ní àgbélébùú títí tó fi tán. Ẹ fi ọmọ ìka sílẹ̀ síta. Ẹ tẹ èékánná kan, á funfun. Tó bá pẹ́ kó tó pọ́n padà, ó ti le jù, ẹ tú u dẹ̀. Gèlè ló dáa jù fún ọwọ́ tó kán, láti fi gbé e kọ́rùn. Bó bá jẹ́ egungun ẹsẹ̀ ló ṣẹ́, igi méjì lápá ọ̀tún àtòsì, aṣọ láàárín, ọ̀já lórí rẹ̀.

Nínú oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ni oòrùn ń wọ̀ níbí, ó sì máa ń tètè ṣókùnkùn lábẹ́ igi. Tọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan fún olúkúlùkù, èyí tí wọ́n ń dè mórí báwọn ọdẹ ṣe ń ṣe, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè di òkúta mú. Iná fóònù kọ́ o, fóònù nìyẹn tẹ́ ẹ máa fi pè. Ẹ yí bátìrì kan sódì nínú tọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ bá ń dì í, kó má baà tàn fúnra rẹ̀ nínú báàgì. Kí olúkúlùkù fi fèrè rẹfirí sọ́rùn. Ariwo omi yẹn máa ń bo ohùn èèyàn, ẹni tó wà ní ìpele kejì ìtàkìtì omi náà lè má gbọ́ ẹni tó ń ké ní ìkẹta. Ìgbà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fọn ọ́n, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún fọn ọ́n.

Kí olúkúlùkù di ṣòkòtò gbígbẹ kan àti súwẹ́tà kan sínú ọ̀rá, kó so ó pinpin, kó má tú u títí dìgbà tó fẹ́ sùn. Ọ̀rá dúdú ńlá ni kẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹní lé e. Ní ti iná, ẹ fi bàsílíìnì pa òwú, ẹ rún un mọ́ra, ẹ kó o sínú ike oògùn tó ti tán pẹ̀lú ìṣáná àti apá ibi tí wọ́n ń ṣá a sí. Òwú yẹn máa ń jó pẹ́ tó láti ràn mọ́ igi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni o, ewé ti gbẹ: ẹ gbá ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa, ẹ gbé omi sítòsí. Bí àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ má dáná, ẹ jẹ gààrí àti kúlíkúlì.

Ó kan ejò. Ẹ má ra òkúta dúdú. Oró ti wọ inú ẹran ara, òkúta tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú egbò kò lè fà á jáde. Àkókò ló ń fi ṣòfò. Ẹ má fi abẹ sín ojú ibi tí ejò ti bu èèyàn jẹ, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn so ó le. Ẹ bọ́ òrùka, aago àti bàtà kó tó wú. Ẹ de ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà mọ́ igi bíi ti ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, kó má mì, kẹ́ ẹ sì gbé ẹni náà sọ̀ kalẹ̀. Kó má fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ilé ìwòsàn Wesley Guild wà ní Iléṣà, tẹ́ ẹ máa gbà kọjá. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bi wọ́n bóyá abẹ́rẹ́ apa-oró ejò wà nílẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wá ibi tó wà mọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní Òṣogbo.

Ibi tẹ́ ẹ máa kó ẹrù sí ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú Ghana-must-go kan, kí géńdé kan gbé e ṣáájú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi, tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti aṣọ gbígbẹ, ara olúkúlùkù ni kó wà. Àpótí oògùn nìkan ni kó wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹni tó ń rìn kẹ́yìn gbogbo yín, torí ẹ̀yìn lẹni tó bá ṣèṣe máa ń wà.

Ẹ kọ orúkọ gbogbo yín àti nọ́ńbà òbí wọn sórí ìwé méjì, kí ọ̀kan wà nílé lọ́dọ̀ ẹni tó mọ aago tẹ́ ẹ máa dé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè máà dúró láàárín àpáta. Bí ìpè 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, tàbí ti ilé kò bá lọ, ẹ gun ibi tó ga díẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi téèsì ránṣẹ́ sílé, òun máa ń lọ nígbà míì tí ìpè kò lọ.

Owó ẹ̀rọ sátẹ́láìtì yẹn, ẹ mú díẹ̀ níbẹ̀ fún dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì yín, kó sun Ẹ̀rìn mọ́jú pẹ̀lú epo nínú táńkì, kó má padà sí Òṣogbo lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún un kó má pa fóònù.