Sátẹ́láìtì Inú Géèmù Mi Ń Sá Lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi JavaScript kọ géèmù kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú bùráúsà. Sátẹ́láìtì ń yí ayé po níbẹ̀, ó sì ní láti lé ibùdó òfuurufú kan tó wà níwájú bá. Bí mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan, ńṣe ló ń jìnnà sí ayé títí yóò fi jáde lójú kọ̀ǹpútà. Bí mo bá sì tẹ iná mọ́ ọn kí n lè lé ibùdó bá, ẹ̀yìn ni mo ń bọ́ sí. Ṣé kí n kúkú ya òrùka kan fún un, kó máa gba orí rẹ̀ lọ? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má ya òrùka kankan. Ọ̀kan péré nínú méjèèjì ni àṣìṣe. Ní ti èkejì, òótọ́ ni géèmù rẹ ń sọ.

Nígbà tí mo kọ tèmi, mo ní kí kọ̀ǹpútà máa fa ìlà tẹ̀ lé sátẹ́láìtì lẹ́yìn. Dípò òrùka, ìkarahun ìgbín ni mo rí: ìyípo kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú ìṣirò agbára òòfà ayé palẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe é. Bí ìlà méjì ṣe tẹ̀ lé ara wọn ló fà á (x ni ibi tó wà, vx ni eré rẹ̀, ax ni bí òòfà ṣe ń yí eré náà padà, dt ni àkókò kékeré tí ìṣirò kọ̀ọ̀kan dúró fún):

x = x + vx * dt
vx = vx + ax * dt

Báyìí, eré àtijọ́ lo fi ń gbé e lọ síbi tuntun kí òòfà tó fà á. Gbogbo ìgbà ló ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀, agbára tí kò níbi tó ti wá sì ń wọ inú rẹ̀. Gbé ìlà kejì ṣáájú èkíní, kó jẹ́ eré tuntun ni yóò gbé e lọ. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún y náà, ìyẹn òkè àti ìsàlẹ̀. Fi dt sí 1/60 gbọnin, kí aago sì máa sọ iye ìgbà tí ìṣirò yóò wáyé, kì í ṣe ojú fóònù, torí ojú fóònù kan ń tún àwòrán yà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òmíràn ní 120.

Èkejì yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 1965, James McDivitt tó ń wa Gemini 4, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, fẹ́ sún mọ́ apá rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé wọn gòkè. Ó kọjú sí i, ó tẹ iná, nǹkan náà ń jìnnà sí i. Epo ń lọ ṣáá, wọ́n bá pa á tì. Lóṣù Kejìlá, awakọ̀ mìíràn, Wally Schirra, gba ìsàlẹ̀ wá pẹ̀lú ọkọ̀ Gemini 6A, ó sì sún mọ́ ọkọ̀ Gemini 7 débi pé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan ló kù láàárín wọn.

Bí o bá tẹ iná síwájú, òdìkejì ọ̀nà rẹ ló ń gbéra sókè. Ọ̀nà òkè gùn, eré ibẹ̀ sì ń rọlẹ̀. Ohun tó wà ní 400 kìlómítà sí ilẹ̀ ń yí ayé po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 93. Èyí tó wà ní 800 ń lò tó 101. Bíréèkì ni kí o tẹ̀, díẹ̀ báyìí: wàá já sílẹ̀, wàá sáré ju ibùdó lọ, bó bá wá kù díẹ̀ kí o dé abẹ́ rẹ̀, kí o tún gòkè.

Má yọ èyí kúrò o! Ohun tí mo fẹ́ kí o fi kún un ni ìlà tótòtó tó ń fi ọ̀nà iwájú hàn, kí ẹni tó ń fi géèmù náà ṣeré lè fojú ara rẹ̀ rí i pé bí òun ti tẹ iná níhìn-ín, ọ̀hún ló ń gbéra. Bó bá ti ṣe tán, fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ lé ibùdó yẹn bá.