Omi pò mọ́ ọ́ìlì: ká tún ẹ́ńjìnì ṣe ni àbí ká ra òmíràn?

Ọ̀gá, ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnì kankan o. Omi tí ẹ ní ó pò mọ́ ọ́ìlì lẹ́yìn tí ọkọ̀ akẹ́rù yín gbóná jù lè má ju gáskẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀) tó jó lọ. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú orí ẹ́ńjìnì ná, kó fi irin tó gún régé wọ̀n ọ́n bóyá ó ti wọ́. Tó bá wọ́ díẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ fá a.

Ìyẹn tí bulọ́ọ̀kù, ara ẹ́ńjìnì gan-an, ò bá sán o. Tó bá ti sán níbi tí kiráńkì (ọ̀pá irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì) jókòó sí, ẹ má náwó sí i mọ́.

Kiráńkì gan-an ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́, torí bíárìn, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kiráńkì ń yí nínú rẹ̀, ló máa ń tètè jìyà omi inú ọ́ìlì. Ẹ fi èékánná fa ojú kiráńkì: tó bá ń kọ́ èékánná, ó ti họ nìyẹn. Wọ́n lè lọ̀ ọ́ ní 0.25 mm, kí wọ́n fi bíárìn tó nípọn jù ti tẹ́lẹ̀ sí i. Òmíràn gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ẹ́ńjìnì yín ló máa sọ ibi tó mọ. Tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ débẹ̀ rí, àtúnṣe ti tán lára rẹ̀.

Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ ra àlòkù, kí wọ́n tú abẹ́ rẹ̀ lójú yín, kẹ́ ẹ lè rí kiráńkì rẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, èmi ò ní rà á lọ́wọ́ rẹ̀.