Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n gbé dìpúlómà yẹn fún un

Bọ̀dá, ẹ kú làálàá ọmọ. Mo ka ohun tí ẹ kọ: ọmọbìnrin yín ní ọ́tísímù (autism), yóò pé ọdún 18 ní oṣù Kẹta, oṣù Kẹfà ni wọ́n sì ní yóò parí háí-sìkúùlù níbí ní Amẹ́ríkà. Ẹ wá ń béèrè bóyá dandan ni kí ẹ lọ gba àṣẹ alágbàtọ́ ní kóòtù, kí ẹ lè máa ṣe ìpinnu fún un. Mo máa dé orí ìyẹn. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà tí ẹ dárúkọ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè sùn, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú èmi.

Ọ́tísímù náà ni ọmọ tèmi ní. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n pè mí sí ìpàdé IEP, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ àdáni tí ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ fún ọmọ tó ní ìpèníjà. Èèyàn méje ló jókòó ní òdìkejì tábìlì, èmi nìkan ni mo wà níhìn-ín, bàbá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní ọmọ mi ti gba gbogbo kírẹ́díìtì tó yẹ kó gbà, wọ́n ní mo kú oríire. Èmi tí wọ́n ti sọ fún nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta pé bóyá ni yóò sọ̀rọ̀! Fọ́tò tí mo máa fi ránṣẹ́ sílé ni mo ti ń rò, òun nínú gáùn àti fìlà. Wọ́n na ìwé kan sí mi, mo buwọ́ lù ú. N kò kà á. Ìwé tí òfin ní kí wọ́n fi ṣọ òbí létí kí wọ́n tó yí ipò ọmọ padà ni. Ó wà nínú rẹ̀ kedere pé bó bá ti gba dìpúlómà, ọwọ́ wọn kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án dé. Ọmọ mi gbé báàgì rẹ̀ kọ́rùn, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì. Mo ṣàlàyé títí, kò yé e. Lọ́jọ́ kejì ó tún jáde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dúró síbẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ń wọ bọ́ọ̀sì lọ lójú rẹ̀. Mo pe ilé-ẹ̀kọ́ náà. Obìnrin tó ti ń bá wa jókòó láti ọdún mẹ́ta pé òun ló ń mójú tó bí ọmọ yóò ṣe bọ́ sí ayé àgbà, òun náà ló dá mi lóhùn pé, "Màámi, kò sí lára akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ́." Oṣù mẹ́rìnlá ni ọmọ fi jókòó sílé. Ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, kó ra nǹkan kó gba ṣéńjì, kó dáná sun búrẹ́dì, ó ń gbàgbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi fi iṣẹ́ ọ̀sán sílẹ̀, mo lọ ń ṣe ti òru kí ẹnì kan lè máa wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí kò sí ẹnì kan nínú àwọn méje yẹn tó lanu sọ nìyí. Òfin ẹ̀kọ́ àkànṣe ti Amẹ́ríkà, IDEA, fún ọmọ báyìí lẹ́tọ̀ọ́ láti máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ títí di ọdún 21 tàbí 22. Bó bá gba dìpúlómà gidi ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀tọ́ náà parí lọ́jọ́ náà. Ìwé ẹ̀rí lásán pé ọmọ wá sílé-ẹ̀kọ́ kì í parí rẹ̀, dìpúlómà gidi ni. Ẹ sì gbọ́ èyí tó dùn mí jù: àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin pé ọmọ lè wọ gáùn, kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gun orí pèpéle, kó ya fọ́tò, kí wọ́n má tíì fún un ní dìpúlómà, kó sì padà sílé-ẹ̀kọ́ ní oṣù Kẹsàn-án. Fọ́tò tí mo fi ọdún mẹ́ta ẹ̀kọ́ ọmọ mi rà, ọ̀fẹ́ ni ì bá jẹ́.

Nígbà tó wà nílé-ẹ̀kọ́, àwọn ni òfin mú ní dandan. Lẹ́yìn dìpúlómà, ẹ̀yin lẹ máa máa kan ilẹ̀kùn, wọ́n sì lè ní kò sáyè.

Bó bá jẹ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń lọ, tó sì ti múra tán, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kó gba dìpúlómà rẹ̀. Ṣùgbọ́n IEP kì í bá ọmọ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òfin Section 504 ti ọdún 1973 àti ADA ti 1990, tó ní kí wọ́n má ṣe ẹ̀tanú sí ẹni tó ní ìpèníjà, ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì máa lọ sí ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì láti sọ pé mo ní ìpèníjà báyìí, ìrànlọ́wọ́ báyìí ni mo fẹ́. Ẹ jẹ́ kó ti máa fi ìyẹn dánra wò nínú ìpàdé IEP. Wọ́n á tún béèrè ìwé àyẹ̀wò. Èyí tí a mú lọ, ọmọ ọdún 12 ni wọ́n ti ṣe é fún un, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, owó àpò mi ni mo fi ṣe òmíràn. Ẹ ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe tuntun nísinsìnyí. Òfin tún ní kí wọ́n kọ àkópọ̀ ohun tí ọmọ lè ṣe fún un nígbà tó bá ń lọ. Tiwa kò ju ìdajì ojú ìwé lọ, orúkọ ọmọ ẹlòmíràn sì wà ní ìlà kejì.

Láti ọdún 16 ló ti yẹ kí ètò ìgbà lẹ́yìn háí-sìkúùlù wà nínú IEP. Ẹ wò ó bóyá "yóò ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ fún wa lọ́dún mẹ́ta nìyẹn. Ẹ bi wọ́n pé iṣẹ́ wo, níbo, ta ló máa mú un lọ.

VR ti ìpínlẹ̀ yín, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ran ẹni tó ní ìpèníjà lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́ àti láti ríṣẹ́, kò le, ẹ kàn lọ forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ 60 ni òfin fún wọn láti dá yín lóhùn.

Waiver ti Medicaid, ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú àti ìrànlọ́wọ́ fún irú ọmọ báyìí nínú ilé àti ládùúgbò, ni kí ẹ má fi falẹ̀ rárá. Níbòmíràn ọ̀pọ̀ ọdún ni èèyàn fi ń dúró lórí ìlà. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí èmi forúkọ sílẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ọkọ mi ní a kì í ṣe alágbe. Ohun kan náà ló sọ nípa SSI, owó oṣooṣù tí ìjọba ń fún ẹni tó ní ìpèníjà tí kò lówó. Tí wọ́n bá sì ti fi owó oṣù yín lé ọmọ yín sẹ́yìn rí, ẹ tún un béèrè: bó bá ti pé 18, wọn kì í ka owó òbí mọ́. Bó bá sì ti ń gbà á tẹ́lẹ̀, wọ́n máa fi òfin àgbà yẹ̀ ẹ́ wò lákọ̀tun, ẹ má sọ lẹ́tà wọn nù. Kí owó rẹ̀ ní báńkì má ju $2,000 lọ o, kí SSI náà má baà bọ́. Ẹ mọ ayẹyẹ wa. Àwọn àǹtí àti bọ̀dá á ná an lówó lórí ijó, ẹ̀yin á kó gbogbo rẹ̀ sínú àkáǹtì ọmọ. Àkáǹtì ABLE, tó wà fún ẹni tó ní ìpèníjà, tí wọn kì í sábà kà mọ́ $2,000 yẹn, ni kí ẹ ṣí fún irú owó bẹ́ẹ̀.

Hẹn, kóòtù. Kì í ṣe dandan. Lóòótọ́, bó bá ti pé 18, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ tí ẹ ní lórí IEP máa bọ́ sí, dókítà náà kò sì ní bá yín sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ alágbàtọ́ ń gba ìpinnu ayé ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, wàhálà sì ni láti tú u. Bó bá lè sọ ohun tó fẹ́, ìwé tó fi yàn yín láti ṣojú òun lè tó. Àwọn ìpínlẹ̀ kan, Texas ló kọ́kọ́ ṣe é ní 2015, ti ní òfin tó jẹ́ kí ọmọ dá ìpinnu ṣe, kí ẹ máa ràn án lọ́wọ́ láti rò ó. Lọ́yà tí mo kọ́kọ́ bá kò sọ ìyẹn fún mi, torí kóòtù ni owó tirẹ̀ wà.

Ọjọ́ wo gan-an ni ìpàdé tó ń bọ̀? Tí wọ́n bá ti kọ̀wé sí yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ irú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ fún un, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí fún mi kí ẹ tó mú bírò.