Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Màmá Fẹ́ Rìn Yí Adágún Walden Ká

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Màmá mi, ẹni ọdún 68, ti Ìbàdàn wá kí wa ní Boston. Wọ́n fẹ́ràn ìrìn, àmọ́ oòrùn oṣù Keje kì í bá wọn lára mu. Mo gbọ́ pé igi ṣíji bo ọ̀nà tó yí adágún Walden ká ní Concord. Ṣé ẹsẹ̀ àgbà lè gbà á? Apá ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹsẹ̀ wọn á gbà á, bí wọ́n bá wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú. Sálúbàtà kọ́ o. Gbogbo rẹ̀ kò ju máìlì 1.7 lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gun òkè, ṣùgbọ́n ó há. Wáyà ni wọ́n fi ṣọgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi púpọ̀, kí ẹsẹ̀ èrò má baà máa ya etí omi lulẹ̀. Gbòǹgbò igi ló ń gbé èèyàn ṣubú níbẹ̀. Ó yọ sórí ilẹ̀ bí iṣan ọwọ́ àgbà, ewé páìnì gbígbẹ á wá bò ó. Ẹ máa lọ níwájú wọn. Ọ̀nà náà ò gba ẹni méjì dáadáa.

Láti ibi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, ẹ yà sọ́tùn-ún, kí omi wà lọ́wọ́ òsì yín. Ní apá àríwá yìí, oòrùn máa ń gba orí omi wọlé, nítorí náà àárọ̀ ló dáa láti kọjá níbẹ̀. Nígbà tó bá máa mú ganan, ẹ ti dé apá gúúsù, abẹ́ igi. Kò ní tó máìlì kan tẹ́ ẹ máa fi dé ibi tí Thoreau, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ́lé sí, tó sì gbé láàárín 1845 sí 1847; òpó òkúta ni wọ́n fi sàmì síbẹ̀. Bó bá ti rẹ Màmá, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti padà. Bẹ́ ẹ bá fi dé ìtòsí ojú irin rélùwéè, iwájú àti ẹ̀yìn ti di ọgbọọgba.

Ẹ ṣọ́ra fún poison ivy, ewé mẹ́ta-mẹ́ta etí ọ̀nà. Kò dà bíi wèrèpè tí í yúnni lójú ẹsẹ̀. Ó lè di ọjọ́ kejì kó tó sú síni lára. Bó bá kàn yín, ẹ tètè fi ọṣẹ fọ ibẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ wá eégbọn lẹ́yìn orúnkún, abíyá àti ìbàdí. Òmíràn kò tó hóró yánmọtí. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ, kẹ́ ẹ fà á jáde tààrà. Ẹ má fi iná sun ún, ẹ má sì fi ìpara kùn ún; ẹ kàn tètè yọ ọ́ ni: àrùn Lyme, tí eégbọn máa ń kó ranni, kì í sábà ràn bí wọ́n bá yọ ọ́ kó tó pé wákàtí 24.

Ẹ tètè jáde nílé. Bí ààyè ọkọ̀ bá ti kún, wọ́n á ti ẹnu ọ̀nà, ẹ ó sì padà sẹ́yìn ni.