Tíṣà pe ọmọ mi ní "terror": ṣé kí n lọ bá wọn jà ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìkòròdú ni wá, Manchester là ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 7, mú ìwé kan wá láti ilé ìwé, tíṣà rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "he can be a little terror at lunchtime". Àyà mi já. Terror tí mo mọ̀ ni ti àwọn tó ń ju bọ́ǹbù. Màmá mi nílé ní kí n lọ bá wọn, kí n sọ fún wọn pé ọmọ ọmọlúàbí ni. Kí ni kí n ṣe? Èmi ni, Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má tíì wọ bàtà. Ohun tí tíṣà yẹn ń sọ kò ju pé ọmọ ń dà wọ́n láàmú, kò jókòó jẹ́ẹ́ tí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán. Àwọn òyìnbó á máa sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ẹ̀rù tó ń mú ni gbọ̀n ni, èyí tí àwa ń pè ní jìnnìjìnnì. Ẹ̀rù òru tí a ń kà nínú Sáàmù 91, terror náà ni Bíbélì òyìnbó àtijọ́ pè é. Ilẹ̀ Faransé ni òṣèlú ti wọ inú rẹ̀, nígbà tí ìjọba wọn ń bẹ́ orí àwọn tí wọ́n fura sí láàárín 1793 sí 1794. The Terror ni wọ́n ń pe àsìkò yẹn, ibẹ̀ sì ni terrorist ti jáde. Terrific tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ti wá di "ó dára gan-an". Bí dókítà bá sì sọ pé ọmọ ní night terrors, ẹ má sáré pè é ní emèrè. Àwọn ọmọ ọdún 3 sí 8 ló sábà máa ń ṣe: ọmọ á máa kígbe, ojú á là, ṣùgbọ́n oorun ló ń sùn. Ẹ má jí i. Ẹ dúró tì í kó má fara pa. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà yìí ló mú tèmi dé ọ́fíìsì.

A mú ọmọbìnrin mi lọ sílé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, nítòsí Ìta Ẹlẹ́wà ní Ìkòròdú, ó sì bọ́ sí ọjọ́ Orò. Gbogbo àwa obìnrin wà nínú ilé, fèrèsé ti di títì, a da ẹ̀pà sínú àtẹ, a ń bó o. Ọmọ mi jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá, wọ́n ń di ṣùkú fún un. Bí ohùn náà bá ti dún lókèèrè, ìyá á dá òòyà dúró lórí rẹ̀, gbogbo wa á pa lọ́lọ́. Tó bá ti kọjá, wọ́n á tún máa dirun lọ, ẹ̀rín á sọ. Ọmọ yìí ò sunkún rárá. Ó bi ìyá pé kí nìyẹn, ìyá ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwa obìnrin, ó sì gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tá a padà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, tíṣà fún wọn ní ọ̀rọ̀ mélòó kan kí wọ́n fi kọ àròkọ. Terror wà níbẹ̀. Ọmọ mi kọ ọ́ pé terror máa ń rìn ní títì ìlú bàbá òun, pé àwọn obìnrin ti ilẹ̀kùn mọ́rí, pé ìyá àgbà sì di orí òun mú. Wọ́n pè mí. Ẹni méjì ló jókòó dè mí. Ẹ mọ̀ pé láti 2015 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ilé ìwé níbí láti máa ṣọ́ra kí àwọn apániláyà má fa ọmọ mọ́ra. Wọ́n béèrè pé ta ló ti ilẹ̀kùn? Kí nìdí tí wọ́n fi di orí ọmọ mú? Mo ní irun ni wọ́n ń dì. Mo ní ọdún ìbílẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, mi ò tún gbọ́ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tí wọ́n kọ, ó sì wà níbì kan pẹ̀lú orúkọ ọmọ mi lórí rẹ̀.

Nínú mọ́tò, ọmọ bi mí bóyá ìyá àgbà ṣe nǹkan búburú. Mo ní rárá o. Láti ìgbà náà, tí ìyá bá pè, á kí wọn ní gbólóhùn kan, á sì gbé fóònù fún mi.

Àwọn ará ilé á ní àwa la ò kọ́ ọmọ lédè. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, bàbá wọn ń wa ọkọ̀. Yorùbá tó ń jáde nílé wa kò ju "wá jẹun" àti "lọ wẹ̀" lọ. Kì í ṣe pé a kóríira èdè wa, owó ilé ló ń lé wa. Síbẹ̀ ọmọ yẹn mọ bó ṣe rí lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù tó ní ọ̀wọ̀ nínú ni, tí ọwọ́ ìyá wà lórí ẹni, tí èèyàn ṣì lè rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní ohun tó máa fi sọ ọ́, ó wá mú èyí tí wọ́n kọ sójú pátákó fún un. Ó ń dùn mí títí di òní.

Fún ti yín, ẹ kọ ìwé kékeré sí tíṣà, ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà oúnjẹ gan-an. Ẹ má mẹ́nu ba terror rárá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa bá màmá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ẹ̀yin má máa túmọ̀ fún un. Nílé tiwa, ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún àbúrò ọmọbìnrin mi, èyí ọkùnrin. Ti ẹ̀gbọ́n ṣì le, mi ò tíì rí ọ̀nà rẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ mú wọn wálé, ẹ bi màmá nípa ọjọ́ Orò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tó bá bọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó rí fún yín kí ilé ìwé tó wọlé.