Ìró Onísíìpù, Ṣé Ìró Náà Ni? Ìyá Aránṣọ Dáhùn Ìbéèrè Yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Aránṣọ. Báńkì kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n sì ń gbà wá láàyè láti wọ aṣọ ìbílẹ̀. Mo ní kí télọ̀ mi rán ìró àti bùbá áńkárá fún mi, kí ó sì fi síìpù sí ìró náà, torí pé bí mo bá ró o lásán, kí n tó bọ́ sílẹ̀ nínú dáńfó ó ti tú. Ìyá ọkọ mi rí i lára mi, wọ́n ní síkẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀, pé kí n má pè é ní ìró létí àwọn mọ́. Wọ́n ní àwa ọmọ ìsinsìnyí la ba ìró jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló tilẹ̀ kọ́kọ́ gbé síìpù dé ìdí ìró?
*Òṣìṣẹ́ báńkì, Ìkẹjà*

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bá mi kí ìyá ọkọ rẹ. Kí o kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa kí o tó ka èyí sí wọn létí, kó má di pé èmi ni mo kọ́ ọ ní àfojúdi.

Ìró onísíìpù kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa tó ti wà nílẹ̀ yìí. Ẹni tí àwa aránṣọ mọ̀ mọ́ ọn ni Ṣadé Thomas-Fahm, tí wọ́n bí ní ọdún 1933. Bóyá ni ìyá ọkọ rẹ fi lè dàgbà jù ú.

Ní 1953 ni Thomas-Fahm wọkọ̀ lọ sí ìlú London, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì bá lọ. Àwọn aṣọ tí wọ́n ń pàtẹ sójú fèrèsé àwọn ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ló gbé e lọ́kàn lọ. Ó fi nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní ilé ẹ̀kọ́ Saint Martin's. Nígbà tó di 1960, ọdún tí a gba òmìnira gan-an, ó padà sí Èkó. Ó dá ilé ìránṣọ sílẹ̀ ní Yábàá, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ń pè ní Shade's Boutique sí òtẹ́ẹ̀lì Federal Palace, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ òkè, àdìrẹ àti aṣọ Akwete tí àwọn Ìgbò ń hun rán ohun tí obìnrin lè wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Kí lo rò pé ó bá nílẹ̀? Obìnrin tó bá kàwé dé ọ́fíìsì nígbà náà, gáùn òyìnbó ló ń wọ̀. Ìró wà fún ọjà, fún ilé, fún òde àríyá lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé ojú ayé òyìnbó ló fà á, irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń gbé aṣọ lé tábìlì mọ̀ pé ìró fúnra rẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Aṣọ yáàdì méjì sí méjì ààbọ̀ ni, kò ní bọ́tìnì, kò ní okùn, kò ní ibì kan tí a gé. O yí i mọ́ ìbàdí, o fà á le, o ki etí rẹ̀ bọ abẹ́, o yí orí rẹ̀ wálẹ̀, ó parí. Bí o ṣe ró o nìkan ló dì í mú. Ìyá tó jókòó sídìí àtẹ ní Dùgbẹ̀ lè dìde nígbàkígbà, kí ó tú u, kí ó gbọ̀n ọ́n, kí ó tún un ró. Ta ni yóò wò ó? Gbogbo ọjà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ọ̀gá ń pè wọlé, tí fáìlì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí bírò wà lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ wo ló fẹ́ fi di ìró mú? Tíṣà tó ń nàgà kọ̀wé sójú pátákó ńkọ́? Olúkúlùkù nǹkan tí obìnrin ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe lóòró, ìró a máa bá a jà.

Ibẹ̀ ni Thomas-Fahm ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ó gé ìró sí ìwọ̀n ìbàdí, ó fi síìpù sí i, ó sì rán an kó lè máa jọ èyí tí a ró. O ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, o fa síìpù, o ń lọ. Kò dá a dúró síbẹ̀. Ó ṣe gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀, tí obìnrin kàn máa gbé lérí. Àwọn tí ń fi "ọ́tò gèlè" jẹun lónìí, tí wọ́n ń pariwo pé àwọn ló dá a sílẹ̀, kí wọ́n lọ bi àwọn ìyá wọn léèrè. Ó mú agbádá ọkùnrin, ó sọ ọ́ di bùbú gígùn oníṣẹ́ ọnà fún obìnrin. Nígbà tí ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Victoria and Albert ní London pàtẹ aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà ní 2022, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n kó síta fún aráyé wò.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ìró ni. Ohun tó ń jẹ́ kí n pè é ní ìró ni pé etí rẹ̀ méjèèjì ṣì gun ara wọn níwájú bíi ti ìró tí a ró, bùbá ló bá a rìn, gèlè ló dé e lórí. Bí télọ̀ rẹ bá rán ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ọ lára, tó la ẹsẹ̀ rẹ̀ dé itan, tí kò fi ìṣẹ́po kankan síwájú, ìyá ọkọ rẹ jàre, síkẹ́ẹ̀tì ni o wọ̀.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá wọn sọ tiwọn náà, torí pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí ń kanra lásán. Síìpù gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Ìró tí a kò gé, bí o bá lóyún, ó gbà ọ́. Bí o bá bímọ tán tí o rù, ó gbà ọ́. Àbúrò rẹ tó sanra jù ọ́ lọ lè yá a wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí ìwọ sì ró o lọ́jọ́ Àìkú. O lè fi pọn ọmọ, o lè fi bora, o lè ṣẹ́ ẹ sínú àpótí fún ọmọbìnrin rẹ. Ọjọ́ tí o bá gé e sí ìbàdí ogójì, ẹni tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ ogójì ló ni ín, ó tán. Ọjọ́ kan ni obìnrin kan gbé sányán ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Àdó, sányán gidi, èyí tí wọ́n fi òwú kòkòrò hun, ó ní kí n fi síìpù sí i. Mo ní kí ó gbé e kúrò lórí tábìlì mi. Ó bínú lọ. Mi ò mọ ibi tó gbé e dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe sísọ́ọ̀sì tèmi ló là á.

Báyìí ni mo ṣe máa ń pín in: áńkárá, àdìrẹ àti gbogbo aṣọ tí a lè rí irú rẹ̀ rà lọ́la, ẹ fi síìpù sí i. Aṣọ òkè àjogúnbá, ẹ má gé e. Okùn ni kí ẹ rán mọ́ igun rẹ̀ méjèèjì lókè, kí ẹ so ó yí ìbàdí ká kí ẹ tó ki etí rẹ̀ bọlẹ̀. Yóò dúró, aṣọ náà yóò sì wà lódidi.

Fún ti ọ́fíìsì rẹ, sọ fún télọ̀ kí ó fi síìpù sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kì í ṣe ẹ̀yìn, kí àga má baà máa gún ọ. Kí ìṣẹ́po iwájú fẹ̀ tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí o bá jókòó kò ní ṣí. Kí ó fi aṣọ líle sábẹ́ ìbàdí, kí ó má baà máa ká. Kí o tó sanwó, gbé ẹsẹ̀ lé àga inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí o kò bá lè gbé e, o kò ní lè wọ dáńfó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àtijọ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ-ọmọ mi rí fọ́tò mi ti ọdún 1969, mo ró ìró tó mọ sí orúnkún. Wọ́n ń pariwo pé "Màmá wọ oleku!" Mo ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tiwa. Ọkọ mi tún dá tirẹ̀ lé e, ó ní kí òmìnira tó dé, kò sí obìnrin tó kàwé tó ń ró ìró jáde. Ẹ bá wa dá sí i.
*Màmá Tíṣà, Abẹ́òkúta*

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ-ọmọ yín, ẹ jọ jàre. Ìró kúkúrú ti wà, orúkọ yẹn ni kò tíì sí. Nígbà tí síkẹ́ẹ̀tì péńpé gba ìgboro London ní àárín àwọn ọdún 1960, tí Mary Quant ń tà á ní King's Road, kò pẹ́ tí àwọn ọmọge ilé ìwé gíga nílẹ̀ wa fi gbọ́. Wọn kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni gé aṣọ fún wọn. Aṣọ tí a kò gé, ẹni tó ró o ló ń sọ ibi tí yóò dé: ẹ ṣẹ́ ẹ po lókè, ó gun orúnkún. Bí ẹ bá gbúròó ẹsẹ̀ bàbá yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jù ú sílẹ̀, ó kan ọrùn ẹsẹ̀. (Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.) Ìró onísíìpù kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn láéláé.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìwé rẹ̀ nípa ìfẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà, *Ó Le Kú*, ó jáde ní 1974. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, tí àwọn ọmọge inú rẹ̀ wọ irú aṣọ tó wà nínú fọ́tò yín, gbogbo ìlú ya bo télọ̀. Orí fíìmù ni orúkọ náà ti ré wọ aṣọ. Lọ́dún yẹn, mo rán an títí ọwọ́ fi ń ro mí, àwọn tó ń gbé aṣọ wá kò sì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Àwọn ìyá wọn dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ti ọkọ yín ni n kò ní gbà, pàápàá ní Abẹ́òkúta! Ẹ ní kí wọ́n rántí Ìyá Ransome-Kuti. Fúnmiláyọ̀ kàwé ní England, gáùn kò ṣòro fún un láti rà. Síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe, ó bọ́ gáùn sílẹ̀, ìró àti bùbá ló sì kù tó ń wọ̀. Ó ní ìdí tó fi ṣe é. Àwọn obìnrin tó kàwé àti àwọn tí kò kàwé ni wọ́n jọ wà nínú Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta láti 1946, kò sì fẹ́ kí ìyá elépo wọlé ìpàdé, kí ó fi ojú aṣọ mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àti ẹni tó jẹ́ ọlọ́jà. Àwọn obìnrin yẹn ló kọ owó orí, àwọn ló jókòó sẹ́nu ààfin, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní 1949. Ìró ni wọ́n ró lọ. Òmìnira kù ní ọdún mọ́kànlá kó tó dé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èrò mi, obìnrin yẹn ló la ọ̀nà fún Thomas-Fahm. Ó ti jẹ́ kí ojú mọ́ obìnrin tó kàwé tó ró ìró níwájú aṣojú ìjọba. Síìpù ló kù.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Aránṣọ, mo ga gan-an, Peckham ni mò ń gbé. Yáàdì mélòó ni kí n rà fún ìró, bùbá àti gèlè? Gbogbo ìró áńkárá tí mo bá ró ló máa ń gun ọrùn ẹsẹ̀ mi.
*Adúmáadán, London*

ÌDÁHÙN: Yáàdì mẹ́fà, bí wọ́n ṣe ń dì í tà náà. Méjì ààbọ̀ fún ìró, méjì fún bùbá, ìyókù fún gèlè. Kí o tún ra yáàdì sí i, ìró rẹ kò ní torí ìyẹn gùn: fífẹ̀ aṣọ ló ń di gígùn ìró lára wa, áńkárá kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀. Má ṣẹ́ orí rẹ̀ wálẹ̀ rárá, okùn ni kí o fi dì í. Bí kò bá tíì tó, ní kí wọ́n rán ọ̀já aṣọ òkè kan, tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ yíká, kí wọ́n sì fi irú rẹ̀ sí ẹnu apá bùbá, kó má baà hàn pé àbùlẹ̀ ni.